Mùsíọ́ọ̀mù nashi ní Kurayoshi: báwo la ṣe lè fi ọjọ́ kan gbádùn rẹ̀ láìkánjú?

Àbẹ̀kẹ́ béèrè:

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará wa tó mọ ìpínlẹ̀ Tottori, ní Japan níbí. Ìyá ọkọ mi ń bọ̀ wá kí wa ní oṣù kẹsàn-án. Ẹni ọdún 68 ni wọ́n, orúnkún kì í jẹ́ kí wọ́n rìn pẹ́. Ọmọ méjì wà pẹ̀lú wa, ọ̀kan ọdún 9, ìkejì ọdún 5. Ìlú Tottori la máa sùn sí, a ò sì ní mọ́tò. Ọjọ́ kan ṣoṣo la fẹ́ fi ṣeré jáde, kí eré sísá má sì sí nínú rẹ̀: ká lọ sí Nashikko-kan, ilé tí wọ́n kọ́ fún èso nashi, ìyẹn pia ilẹ̀ Japan, ní Kurayoshi, ká jẹun, ká padà kílẹ̀ tó ṣú.

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀nà wo ló rọrùn jù fún ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn? Ṣé ohun tó wà níbẹ̀ tó jẹ́ kéèyàn torí ẹ̀ wọkọ̀? Ṣé a lè lọ já nashi lóko lọ́jọ́ kan náà? Màmá tún ń sọ pé àwọn fẹ́ gbé díẹ̀ lọ fáwọn ará ilé ní Nàìjíríà. Ẹ ṣeun.

Ọmọ Ìdíkọ̀ dáhùn:

Ẹ kú ìmúra o, Àbẹ̀kẹ́. Ọkọ̀ ojú irin San'in lẹ máa wọ̀ láti Tottori, kó máa gbé yín lọ sápá ìwọ̀ oòrùn. Ó tó nǹkan bíi kìlómítà 40. Èyí tó ń dúró ní gbogbo ibùdó máa ń lò tó ìṣẹ́jú 50, ó sì lè lé, torí pé ojú irin ẹyọ kan ló wà ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀, ọkọ̀ kan gbọ́dọ̀ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí èkejì kọjá. Àwọn ọkọ̀ tó ń yára, Super Matsukaze tàbí Super Hakuto, máa ń lò tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ṣùgbọ́n owó àfikún wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì lásán. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe gbogbo Super Hakuto ló ń dé Kurayoshi. Àwọn kan parí ìrìn wọn sí Tottori.

Ọkọ̀ ìpadà ni kí ẹ kọ́kọ́ yàn kí ẹ tó yan ti àlọ. Ojú irin ibí kò rí bíi ti Ọ̀sákà. Bí ọ̀kan bá já yín sílẹ̀, ó lè tó wákàtí kan kí òmíràn tó dé, ibẹ̀ ni ìsinmi ti ń di làálàá. Ẹ yan méjì fún ìpadà, èyí tí ẹ fẹ́ wọ̀ àti èyí tó tẹ̀ lé e, kí ẹ kọ àkókò méjèèjì sórí ìwé. Ẹ jókòó sápá ọ̀tún nígbà tí ẹ bá ń lọ. Lẹ́yìn ibùdó Aoya ni òkun á yọ, lẹ́yìn náà adágún Tōgō á yọ nígbà tí ẹ bá sún mọ́ Matsuzaki. Ìyẹn náà wà lára ìgbádùn ọjọ́ yẹn.

Nípa owó ọkọ̀: ọmọ ọdún 9 á san ìdajì. Ọmọ ọdún 5 kì í san bó bá wà pẹ̀lú àgbà, àfi bí ẹ bá gba ìjókòó tirẹ̀ lọ́tọ̀ nínú ọkọ̀ tí wọ́n ń yan ìjókòó.

Ohun tó ń ṣi àlejò lọ́nà ni pé ibùdókọ̀ ojú irin Kurayoshi jìnnà sí ìlú àtijọ́, kìlómítà mélòó kan ni. Kurayoshi Park Square ni Nashikko-kan wà, bọ́ọ̀sì sì máa ń lò tó ìṣẹ́jú 15 láti iwájú ibùdókọ̀ náà. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lẹ máa bá wọlé, kí ẹ fa ìwé kékeré tó ní nọ́ńbà nínú ẹ̀rọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Pátákó iwájú lókè orí awakọ̀ ló máa fi iye tí nọ́ńbà yín jẹ́ hàn, iye náà á máa gòkè bí ọkọ̀ ṣe ń lọ. Ẹ̀rọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ máa ń ṣẹ́ owó bébà 1,000 yen sí wẹ́wẹ́, kì í gba 5,000 tàbí 10,000. Ọ̀pọ̀ àlejò ló ń há síbẹ̀, tí gbogbo ọkọ̀ á sì máa dúró dè wọ́n. Ẹ ṣẹ́ owó yín ní Tottori.

Àmọ́ ní ti yín, takisí ni mo máa yàn láti ibùdókọ̀ náà. Ẹ̀yin mẹ́rin á gba inú ọ̀kan, kò jìnnà, Màmá ò sì ní gun àtẹ̀gùn bọ́ọ̀sì. Òfin Japan kò béèrè àga ọmọdé nínú takisí, nítorí náà ọmọ ọdún 5 yẹn kò dá wàhálà sílẹ̀.

Àgbẹ̀ Eléso dáhùn:

Ó tó torí ẹ̀ wọkọ̀, Àbẹ̀kẹ́, ẹ má ṣiyè méjì. Ó kàn jẹ́ pé bí èèyàn bá wọ ibẹ̀ láìmọ ohun tó yẹ kó wò, ìṣẹ́jú ogún ló máa fi yí i po, á ní igi kan lòun rí. Ẹ fi wákàtí kan àbọ̀ sílẹ̀ fún un. Aago 9:00 àárọ̀ ni wọ́n ń ṣí, aago 5:00 ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń tì. Ẹ yẹra fún Ọjọ́ Ajé. Àwọn Ọjọ́ Ajé kan wà nínú oṣù tí wọn kì í ṣí rárá.

Igi tó wà láàárín ilé náà ni kí ẹ fún lákòókò jù. Igi nashi gidi ni, irú tí wọ́n ń pè ní Nijisseiki, wọn ò fi símẹ́ǹtì mọ ọ́n. Ẹ̀ka rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 20 láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, igi kan ṣoṣo yìí sì ń so tó 4,000 èso nígbà tó wà láàyè. Ẹ jẹ́ kí Màmá jókòó, kí àwọn ọmọ dúró sábẹ́ rẹ̀ kí wọ́n wòkè. Wọ́n á rí i pé ẹ̀ka kankan kò gòkè. Gbogbo wọn nà gbalaja sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí òrùlé àtíbàbà. Àgbẹ̀ ló tẹ̀ wọ́n bẹ́ẹ̀ láti kékeré, tó ń so wọ́n mọ́ wáyà tí wọ́n ta sókè ní bíi mítà 1.8 sílẹ̀. Ìjì líle ló fà á. Oṣù kẹjọ àti ìkẹsàn-án tí nashi ń gbó gan-an ni ìjì àfẹ́yíká máa ń jà ní Japan. Èso tó wúwo tó gíráàmù 300 lórí ẹ̀ka tó ga, bí atẹ́gùn bá mì í lẹ́ẹ̀kan, ilẹ̀ ló máa bá ara rẹ̀. Wáyà yẹn ni kì í jẹ́ kí ẹ̀ka mì. Bí ẹ bá wo àwọn oríkèé ẹ̀ka dáadáa, ẹ máa rí ojú ọgbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń gé e lọ́dọọdún.

Ìtàn èso náà yẹ kó yé àwọn ọmọ kí wọ́n tó débẹ̀, torí ọmọdé ló wà nídìí rẹ̀. Ní ọdún 1888, ní Matsudo, ní ìpínlẹ̀ Chiba tó wà lẹ́bàá Tokyo, ọmọ ọdún 13 kan tó ń jẹ́ Matsudo Kakunosuke rí igi nashi kékeré kan tó lalẹ̀ hù lórí ààtàn ìbátan rẹ̀. Ó hú u, ó lọ gbìn ín sí oko baba rẹ̀. Ọdún 10 ni wọ́n fi tọ́jú rẹ̀ kó tó so dáadáa. Ní 1904, Kitawaki Eiji ra ọmọ igi 10 wá sí Tottori láti Matsudo, ibẹ̀ sì ni gbogbo nashi Nijisseiki tí ẹ ń rí ní ìpínlẹ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Àrùn àmì dúdú ló fẹ́ pa iṣẹ́ náà run. Alternaria ló ń fà á, ìran ohun tó ń mú oúnjẹ bu. Èyí tó ń bá Nijisseiki jà ní oró kan tí ọ̀pọ̀ nashi mìíràn kò kà sí, ṣùgbọ́n tó ń jó ewé àti èso Nijisseiki dúdú, èso náà á sì là. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wọ àpò bébà fún èso kọ̀ọ̀kan, kékeré lákọ̀ọ́kọ́, ńlá lẹ́yìn ìyẹn, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń ṣe é látòkè délẹ̀. Ní 1962 wọ́n gbin igi Nijisseiki sínú oko ìwádìí kan tí ìtànṣán gamma ti ń bà á díẹ̀díẹ̀. Ní 1981 wọ́n rí ẹ̀ka kan lórí rẹ̀ tí àrùn náà kò fi bẹ́ẹ̀ ràn. Ẹ̀ka yẹn ló di Gold Nijisseiki. Bí ẹ bá rí orúkọ méjèèjì lórí pátákó, ìyàtọ̀ wọn nìyẹn.

Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ sáré lọ síbi ìtọ́wò ṣáájú. Irú nashi mẹ́ta ni wọ́n máa ń gé fún àlejò láti fi wéra. Bí Nijisseiki bá wà nínú wọn, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ jẹ. Ìwọ̀n ṣúgà rẹ̀ jẹ́ bíi 10 sí 11 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì ní ìkan díẹ̀ tó ń mú un ta sánsán lẹ́nu. Shinkansen (irú nashi ni o, kì í ṣe ọkọ̀ ojú irin), aláwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú tí wọ́n ṣẹ̀dá ní Tottori níbí, lè kọjá 13. Bí ẹ bá fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀, Nijisseiki á dà bí omi lásán lẹ́nu yín, ẹ ò sì ní mọ ìdí tí àwọn èèyàn fi fi gbogbo ayé wọn tọ́jú rẹ̀. Ohun tó ń rún wẹ́wẹ́ lábẹ́ eyín bíi yanrìn kì í ṣe ìdọ̀tí. Ara èso náà ló le bẹ́ẹ̀ ní ojú kéékèèké, òun ló ń fún nashi ní ìró rẹ̀.

Rìnkiri béèrè:

Ẹ ṣeun, Àgbẹ̀ Eléso. Ṣé igi tó wà nínú ilé yẹn gan-an ni ti orí ààtàn? Ohun tí ẹnì kan sọ fún mi nìyẹn. Àti pé bí èèyàn bá lọ ní oṣù kẹta, tí nashi kò sí lórí igi, kí ni wọ́n á fún un tọ́ wò?

Àgbẹ̀ Eléso dáhùn:

Rárá o, kì í ṣe òun. Igi àkọ́kọ́ yẹn kò kúrò ní Matsudo. Ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun àdáyébá tó yẹ kí a dáàbò bò ní 1935, àmọ́ ìkọlù láti òfuurufú nígbà Ogun Àgbáyé Kejì bà á jẹ́, ó sì kú ní 1947. Tottori ni eléyìí ti wá.

Ní ti oṣù kẹta, ìtọ́wò wà yípo ọdún. Àwọn irú tó ń pẹ́ gbó, bíi Ōshū tó ń jáde ní oṣù kẹwàá àti ìkọkànlá, àti Atago tó ń tẹ̀ lé e, tó tóbi débi pé ẹyọ kan lè tó kìlógíráàmù kan, máa ń pẹ́ nínú yàrá tútù. Tottori ló ṣe ojú ọ̀nà fún ìmọ̀ yìí. Ní nǹkan bí ọdún 1970, ẹ̀rọ yàrá tí wọ́n kó Nijisseiki sí bàjẹ́, òtútù ibẹ̀ lọ sílẹ̀ dé ìwọ̀n -4 lórí Celsius. Gbogbo ẹni tó rí i ló gbà pé ó tán. Nígbà tí ara rẹ̀ padà lọ́wọ́ọ́rọ́, èso náà kò bàjẹ́, adùn rẹ̀ sì pé. Yamane Akiyoshi tó wà nídìí iṣẹ́ náà kò jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Ó wádìí rẹ̀ títí ó fi hàn pé omi inú èso kì í di yìnyín ní òdo bí omi lásán, torí ṣúgà àti àwọn nǹkan mìíràn tó yọ́ sínú rẹ̀, àti pé ààlà díẹ̀ wà lábẹ́ òdo tí èso ṣì wà láàyè, tó sì ń dùn sí i. Lónìí wọ́n ń fi ọ̀nà yẹn tọ́jú ẹja àti ẹran pẹ̀lú.

Bí ẹ bá lè sún un sí àárín oṣù kẹrin, ẹ máa bá òdòdó, funfun báláú lórí gbogbo òkè. Àsìkò yẹn làwọn àgbẹ̀ ń fi ọ̀pá tó ní ìyẹ́ múlọ́múlọ́ lórí gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó irú nashi mìíràn sára Nijisseiki, torí lẹ́búlẹ́bú tirẹ̀ kì í mú un so.

Ìyá Ẹlẹ́so dáhùn:

Àbẹ̀kẹ́, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti oko àti ti ẹrù ilé.

Oṣù kẹsàn-án bọ́ sí i gan-an, oko tó ń gba àlejò wà lágbègbè Yurihama, tí kò jìnnà sí Kurayoshi. Ṣùgbọ́n mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn láti fi méjèèjì sọ́jọ́ kan. Ọ̀pọ̀ oko nashi Tottori wà lára òkè, ilẹ̀ ibẹ̀ dàgẹ̀rẹ̀, orúnkún Màmá ò ní fẹ́ ẹ. Bọ́ọ̀sì kì í sì dé ẹnu ọ̀nà oko. Bí àwọn ọmọ bá takú, ẹ pè wọ́n ṣáájú, oko ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ láàárọ̀ kí oòrùn tó mú, kí mùsíọ́ọ̀mù wá jẹ́ ti ọ̀sán níbi tí atẹ́gùn tútù wà.

Bí wọ́n ṣe ń já a: ẹ má fà á wálẹ̀. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ gbé èso náà láti ìsàlẹ̀, kí ẹ rọra gbé e sókè. Bó bá ti gbó, ìdí igi rẹ̀ á ṣẹ́ fúnra rẹ̀. Bó bá takú, kò tíì tó, ẹ fi sílẹ̀. Fífà ló ń ya ẹ̀ka kúkurú tí òdòdó ọdún tó ń bọ̀ wà lórí rẹ̀, olóko á sì pàdánù ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ gé igi orí èso náà mọ́lẹ̀ kí ẹ tó kó wọn papọ̀, torí ó máa ń gún èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ibi tó gún yẹn ni ìjẹrà ti ń bẹ̀rẹ̀. Wáyà náà ga ju ọmọ ọdún 5 lọ, àgbà ni yóò gbé e sókè.

Yíyàn: Nijisseiki tó ṣì tutù yọ̀yọ̀ le, ó sì kan díẹ̀. Èyí tó ti ń pọ́n bọ̀ sí yẹ́lò dùn jù, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ kó tó rọ̀. Ẹ má retí kó rọ̀ kí ẹ tó jẹ ẹ́ o. Orí igi ni nashi ti ń gbó tán. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ dùn ju apá ibi tí igi wà lọ, ẹ̀bá awọ sì dùn ju àárín lọ, torí àárín máa ń kan. Nítorí náà, ẹ gé e látòkè dé ìsàlẹ̀, kí olúkúlùkù rí nínú adùn, kí ẹ sì yọ àárín náà nípọn díẹ̀. Wákàtí kan nínú fìríìjì kí ẹ tó jẹ ẹ́ ti tó.

Ẹ má jẹ́ kí ọmọ ọdún 5 jẹ ju ẹyọ kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Ṣúgà kan wà nínú nashi tó ń jẹ́ sorbitol, ìfun kì í fà á tán, ìgbẹ́ gbuuru ló sì ń parí sí. Bí ẹnu tàbí ọ̀fun ẹnikẹ́ni bá ń yún un bó ṣe ń jẹ ẹ́, kó dúró níbẹ̀. Àwọn tí lẹ́búlẹ́bú igi birch máa ń mú sín ló máa ń ṣẹlẹ̀ sí jù. Bí ètè bá wú tàbí tí mímí bá le, ilé ìwòsàn ni kí ẹ kọrí sí.

Ní ti Nàìjíríà, èso tútù kò rọrùn. Èso tútù tó ń wọlé nílò ìwé àṣẹ àti ìwé ẹ̀rí pé kò ní kòkòrò tàbí àrùn. Bí ìwé bá kù, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ Màmá ní pápákọ̀ òfuurufú. Ohun tí wọ́n ti sè tí wọ́n sì ti dì ni kí ẹ rà: bisikíìtì, súìtì, jẹ́lì nashi. Jẹ́lì àti ọtí kíkan nashi gbọ́dọ̀ wọ inú àpò ńlá tí wọ́n ń gbà wọlé, torí ohun olómi tó bá ju mílílítà 100 lọ kì í bá èèyàn wọ inú ọkọ̀ òfuurufú.

Fún ilé yín níbí, páálí kìlógíráàmù 5 máa ń gba bíi 12 sí 16. Ẹ má rù ú nínú ọkọ̀ ojú irin. Ẹ ní kí iléeṣẹ́ akẹ́rù gbé e wá sílé, awọ nashi kò gba ìkọlura, ibi tó bá ti gbá nǹkan á dúdú lọ́la. Bó bá dé, ẹ fi bébà wé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kó wọn sínú ọ̀rá, ibi ìpamọ́ ewébẹ̀ nínú fìríìjì ló máa gbé. Ẹ tètè jẹ àwọn aláwọ̀ pupa. Nijisseiki lè lo ọ̀sẹ̀ méjì.

Àbẹ̀kẹ́ dáhùn:

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà, ẹ ò ní rí ibi. A ti fi oko sílẹ̀. Tí a bá parí ní mùsíọ́ọ̀mù ní nǹkan bí aago 12:00, níbo la lè lọ tí Màmá ò ní rìn púpọ̀?

Ọmọ Ìdíkọ̀ dáhùn:

Ilé àwòrán ìpínlẹ̀ Tottori tó ṣí ní 30 oṣù kẹta ọdún 2025 wà nítòsí níbẹ̀. Bó bá rẹ Màmá, ẹ parí ọjọ́ yín síbẹ̀. Bí ara wọn bá ṣì le, ẹ gba takisí lọ sí àdúgbò àwọn ilé ìṣúra ológiri funfun lẹ́bàá odò Tama. Ẹsẹ̀ lè gbé ẹlòmíràn débẹ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ kí Màmá fi ẹsẹ̀ tiwọn pamọ́ dìgbà tí ẹ bá débẹ̀. Ilé àtijọ́ ni wọ́n, láti ayé Edo àti Meiji nínú ìtàn Japan, páànù amọ̀ pupa ló wà lórí wọn, afárá òkúta kéékèèké ló sì so ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọn mọ́ òdìkejì odò. Afárá náà kúrú, ó tẹ̀ kọdọrọ, kò sì ní ọwọ́ ìdìmú, ẹ má jẹ́ kí ọmọ ọdún 5 dá gorí rẹ̀. Ibi oúnjẹ máa ń tètè ti ilẹ̀kùn ọ̀sán, ẹ rí i pé ẹ ti jókòó kí aago 1:00 tó lù. Ibẹ̀ náà ni kí ẹ ti pe takisí padà sí ibùdókọ̀, ogójì ìṣẹ́jú kí ọkọ̀ ojú irin yín tó gbéra.